Bàbá, Ọmọ Mi Kí Yín Lórí Rédíò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo fẹ́ kọ́kọ́ béèrè bóyá ara yín le, mo wá rántí pé ìbéèrè yẹn kò bá ibi tí ẹ wà mu mọ́. N kò mọ ohun tí a fi ń ṣáájú ìwé sí ẹni tó ti sinmi. Ẹ ṣáà gba ìkúnlẹ̀ mi. Èmi ọmọbìnrin yín ni, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

Kò tíì yí padà o. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì la wà yìí, ọ́fíìsì ni mo wà, kò sí iná, kò sí ìwé tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Ó yẹ kí n ti kọ ìwé yìí tán. Ṣùgbọ́n mo kọ orúkọ yín báyìí, mo dìde lọ mu omi. Mo padà dé, mo ní kí n wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Ìyá tó ń ta ògì kọjá, a sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé títí ó fi rántí pé òun ń kiri ọjà. Bí ẹ bá wà láyé ni, ẹ óò ti rẹ́rìn-ín mi, ẹ̀rín yín yẹn tí kì í ní ohùn, tó jẹ́ èjìká nìkan ló máa ń mì.

Mo ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti kúrò nídìí búrẹ́dì náà. Ẹ má bínú. Káńsù ni mo wà báyìí, nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀gá wa sì ti ní bí mo bá lè jókòó bí mo ṣe lè tẹ̀wé, òun ì bá fi mí ṣe olórí àwọn yòókù. Bàbá Bọ́sẹ̀dé ṣì wà nídìí iṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, nígbà tí epo mọ́tò bá wà. Láti ọdún tí wọ́n wọ́gi lé ìbò, tí ẹ̀yin náà lọ, nǹkan kò tíì rí bó ṣe máa ń rí.

Bọ́sẹ̀dé ló jẹ́ kí n máa kọ ìwé yìí. Lọ́la ni Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ń bọ̀ wá mú un lọ sí Ìmórù. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò rẹ̀. Bó bá lọ lọ́la, kò ní ṣe ìdánwò, bí kò bá sì ṣe é, mo mọ̀ nínú mi pé ìwé ti parí nìyẹn. Èmi ni mo ní kí Bàbá Kékeré wá. N kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kó wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí rédíò yín, bí ẹ ṣe máa ń ṣí fìlà kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, bíi pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń wò yín. Kì í ṣe irú ìyẹn ni Bọ́sẹ̀dé ń gbọ́. Ètò kan wà tí àwọn ọmọ fi ń kí ara wọn. Wọ́n á ra káàdì nílé ìtajà oògùn tó wà lẹ́bàá gáréèjì, wọ́n á kọ orúkọ ara wọn sí i, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí, dírẹ́bà á sì kó o lọ sí Àkúrẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, olóòtú á máa kà á: ẹ bá mi kí lágbájá l'Ọ́wọ̀, ẹ bá mi kí làmọ̀rín ní Ìfọ́n, ẹ sọ fún un pé n kò gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi orin tẹ̀lé e.

Mo rò pé eré ọmọdé ni. Ta ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ti di nǹkan mìíràn láàárín wọn. Ọmọ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, bó bá dé iléèwé lọ́jọ́ kejì, bí ìyàwó tuntun ló ń rìn. Èyí tí wọn kò pè, á máa ronú ẹni tí òun ṣẹ̀. Bí o bá kí ẹnì kan tí kò kí ọ padà, ìjà dé. Bí ó bá kí ọ, ṣùgbọ́n tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹlòmíràn kó tó dárúkọ rẹ, ìjà náà ni. Bọ́sẹ̀dé ti bá ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iléèwé jà nítorí ipò orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olóòtú.

Bó bá ṣí ìwé báyìí, ojú ewé kan náà ló máa wà títí wọ́n á fi mú iná lọ. Mo gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Kí ló yí padà? Ó jókòó ti ìwé, etí rẹ̀ ń wá rédíò ilé kejì lójú fèrèsé, bí ewúrẹ́ tó gbọ́ pé wọ́n ń bó iṣu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́, ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọṣẹ. Ó bu omi sí ìkòkò, ó gbé e kaná, kò dáná sí i. Mo rán an ní iyọ̀, ó gbé ìṣáná wá.

"Bọ́sẹ̀dé, kí ni mo ní kí o rà?"

"Ìṣáná ni, Mọ́mì."

"Ìṣáná ni n ó dà sínú ọbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Wọ́n ń pe orúkọ lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Mo dá rédíò padà fún un. Ohùn rẹ̀ pàápàá ti yí. Mo ń bá a sọ èdè Ọ̀wọ̀, Yorùbá olóòtú ló fi ń dá mi lóhùn, pẹ̀lú gbogbo ìfàgùn rẹ̀, bíi pé Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọ fi èdè ẹlòmíràn kí yín láàárọ̀, kí lẹ óò ti sọ?

Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni ti ìkíni. Ẹ mọ bí ẹ ṣe kọ́ wa. Bí a bá kọjá ilé kan láì kí wọn, ẹ óò dá wa padà láti ibi tí a bá dé, à báà ti dé oko. Bọ́sẹ̀dé ń kí ènìyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń fi bírò pupa kọ ọ́, ó ń ya òdòdó sí etí káàdì. Ìyá arúgbó tó wà lójúlé kejì ló pè mí lọ́jọ́ kan. "Ọmọ rẹ mà ń gbìyànjú o," ó ní, "ó ń kí gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí ni kò rí." Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ohun tó burú, ó ní bóyá kí òun náà lọ máa gbé inú rédíò.

Tíṣà rẹ̀, ọmọ Ìkàrẹ́ kan, ẹni jẹ́jẹ́, ránṣẹ́ pè mí.

"Màmá Bọ́sẹ̀dé, ẹ jókòó. Ọmọ yín ń wá síléèwé déédéé o."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ara rẹ̀ ló ń wá. Àkúrẹ́ ni etí rẹ̀ ń gbé."

Mo rẹ́rìn-ín, nígbà tó yẹ kí n sunkún. Ó ní orí rẹ̀ kò kú, pé bó bá dáhùn ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ máa ń dára, ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ ìbéèrè tán. Ó ní bóyá kí á mú un lọ rí dókítà, bóyá kí á gbàdúrà, bóyá kí á nà án, òun kò mọ̀, irú rẹ̀ ti ń pọ̀ nínú kíláàsì òun. Ó wá bi mí bóyá bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Alángbá kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbìyànjú láti gun àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, òun ni mo ti ń wò. Mo ní kó jọ̀ọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó wò mí títí. Ó jọ pé ó ti rí ìdáhùn tó ń wá.

Ṣé àìsàn ni, Bàbá? Àbí agídí? Ṣé rédíò ló ba etí ọmọ náà jẹ́, àbí etí tó ti ń rìn kiri tẹ́lẹ̀ ló rí ibi tí yóò máa lọ? Ṣé mo bí i mọ́ ọn ni? N kò rí rédíò nígbà tí mo wà lọ́mọdé àfi tiyín, ẹ kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ n kì í lè ka Sáàmù kan tán láì bojú wẹ̀yìn. Èwo wá ni kí n bá wí?

Mo ti ń sá fún ohun tó yẹ kí n sọ. Ó kàn yín gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, rédíò ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Olóòtú ní Bọ́sẹ̀dé l'Ọ́wọ̀ ní kí òun bá a kí bàbá àgbà rẹ̀ ní Ìmórù. Ó wá dárúkọ yín, Bàbá. Ní kíkún. Orúkọ ìsàmì, orúkọ tí ìyá yín sọ yín, orúkọ ilé wa, gbogbo rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ní kí ẹ má ṣe dá òun lóhùn o, òun kàn ní kí òun kí yín ni. Olóòtú fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó mà ga o, ẹni tó ń kíni tí kò fẹ́ ìdáhùn, ó sì fi orin sí i. Orin ijó ni. Ẹ̀gúsí dà nù lọ́wọ́ mi.

N kò bá a jà. N kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí n kò bá sọ ọ́, kò ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ìmórù. Bí rédíò bá dárúkọ àgbàlagbà ní kíkún níbẹ̀, ó joyè ni, tàbí ó kú ni. Bó bá sì ti kú tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ ni, wọ́n ń pe ènìyàn. Kò sí ẹni tó mọ ìdí mìíràn. Àwọn àna wa ní Ìjàgbá gbọ́ ọ. Ẹ rántí pé omi gbé afárá lọ lọ́dún tí ẹ lọ, tí wọn kò lè dé ibi ìsìnkú yín, ó sì ti ń dùn wọ́n látìgbà náà. Wọ́n ní Ọlọ́run ti tún fún àwọn láyè. Wọ́n ro ọjọ́ náà sí Àbámẹ́ta, nítorí ọjọ́ wo la tún ń ṣe ìrántí? Wọ́n wọ aṣọ àtàtà, wọ́n gbé páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n fa òbúkọ, wọ́n dé Ìmórù kí oòrùn tó mú. Wọ́n bá Bàbá Kékeré nínú ṣòkòtò oko, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀yin náà ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Àmọ́ Bàbá Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Kò lè sọ fún wọn pé kò sí ìrántí kankan. Ta ló máa wo òbúkọ lójú kó sọ bẹ́ẹ̀? Ó pa adìẹ, ó yá ìrẹsì, ó ránṣẹ́ pe káténkísì kó wá fi àdúrà bò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọkọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀.

Kò jókòó. Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ kí i, Bàbá Kékeré kò dá a lóhùn.

"Ìwọ ni mo wá bá," ó ní fún mi, "kì í ṣe ọmọ. Ta ló ra káàdì?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ta ló ra rédíò?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

"Ta ló ń gbé inú ilé pẹ̀lú wọn?"

Mo tún ìró mi ró.

"Mo béèrè ni o. Ṣé a ń kí òkú bí ẹni tó lọ sí ìrìn-àjò? Ṣé òkú ń ra bátìrì? Ẹ̀gbọ́n mi sùn jẹ́jẹ́, ẹ fi orin ijó jí i! Bó bá wá dáhùn ńkọ́? Bó bá ní kí ẹni tó kí òun máa bọ̀ ńkọ́?" Ó gbọ̀n aṣọ rẹ̀. "Ó dáa. Adìẹ mi tó ń yé ni mo pa. Èyí tó ń yé gan-an."

Bọ́sẹ̀dé ṣe bíi pé ó wú ikọ́.

"O ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Rárá, Bàbá. Àánú adìẹ ló ń ṣe mí."

Bàbá Kékeré wò ó títí. Mo rí i tí ètè òun náà gbọ̀n. Ó wá jókòó, ó gba omi mu, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní àwọn ará Ìjàgbá jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní wọ́n sọ ohun tí òun tí òun jẹ́ àbúrò yín kò mọ̀, pé ẹ ti ru ọmọ wọn kan tó ń ṣàìsàn léjìká rí, láti Ìjàgbá dé ọ̀nà ọkọ̀, ẹ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́? Bàbá Kékeré nu ojú rẹ̀, ó rántí pé ìbínú ni òun bá wá, ó tún gbé ohùn sókè.

Ó ní ariwo ló wọ orí ọmọ náà. Ó ní kí n jẹ́ kó wá bá òun ní Ìmórù, ibẹ̀ dákẹ́, wọn á máa lọ sóko, wọn á máa ṣe kòkó, nígbà tí etí rẹ̀ bá balẹ̀ kó padà wá. Mo ní ìdánwò ńkọ́. Ó ní ìdánwò wo, èyí tí tíṣà ní kò lè yege? Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Mo ní kó wá mú un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tó lọ tán, mo bi Bọ́sẹ̀dé léèrè ìdí tó fi ṣe é. Ó ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Mọ́mì, gbogbo àwọn tí mo máa ń kí, mo máa ń dúró dè wọ́n ni. Bóyá wọ́n máa kí mi padà. Bí mo bá ń kàwé, mo ń dúró. Bí mo bá ń jẹun, mo ń dúró. Mi ò lè ṣe nǹkan míì. Bàbá àgbà ò lè kí mi padà. Mo kí wọn, ó tán. Mo kàwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

"O kàwé?"

"Ojú ewé kan. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun kò tíì parí ọ̀rọ̀ òun. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, tí ẹ bá sá kòkó, tí ẹ̀yin méjèèjì ń fi ẹsẹ̀ tú u lórí ẹní, òun máa ń sọ ìtàn fún yín, ìtàn tí kò ní orí, tí kò ní ìdí, ẹ óò máa ní ẹ̀n-ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀, títí oòrùn á fi wọ̀. Ó ní nínú ayé òun, ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òun dé òpin.

Kò sọ pé èmi kì í gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ ilé láì kan ilẹ̀kùn.

Ọkọ mi ní kí n ṣe ohun tí ọkàn mi bá sọ. Ọkàn tèmi, Bàbá! Ohun tó sọ láàárọ̀ kọ́ ló ń sọ lọ́sàn-án. Láàárọ̀ yìí, mo ní kó lọ, ó máa rí ìsinmi. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Ìmórù wo? Ṣebí inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo dàgbà, ṣé ó mú mi jókòó? Bó bá lọ, tó gbádùn oko, tó gbàgbé ìwé, ṣé mo gbà á là ni àbí mo sọ ọ́ nù? Bó bá dúró, tó kùnà níṣojú gbogbo àwọn tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, ṣé kò ní burú jù? Ẹ bá mi wò ó. Ẹ bá mi kí Màmá, bí ẹ bá ń rí ara yín níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé n kò gbàgbé wọn.

Ẹ wo ohun tí mo kọ. N kò mọ ìgbà tó jáde lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ olóòtú ni. Bọ́sẹ̀dé fi káàdì kí yín, wọ́n ní orí rẹ̀ ń dàrú. Èmi ìyá rẹ̀ ń fi ìwé káńsù kí yín lọ́sàn-án gangan, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ta ni Bàbá Kékeré máa wá mú nínú wa?

Ọ̀gá ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí.

Bàbá, ọ̀sán Àbámẹ́ta ni báyìí, mo sì ti wà nílé. Bàbá Kékeré ti wá. Ó ti lọ.

Kí n tó jí ni Bọ́sẹ̀dé ti di ẹrù rẹ̀. Ó gbá ilé, ó pọn omi, ó ya irun rẹ̀, ó jókòó sórí báàgì ní pálọ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì. Kò bẹ̀ mí. Kò sunkún. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, kò sí ẹni tó bá mi jà. Ìgbọràn yẹn ló dẹ́rù bà mí. Ọmọ tí kì í fọ abọ́ tán fọ gbogbo rẹ̀, ó dojú wọn dé lẹ́sẹẹsẹ.

Àbúrò yín dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó. Ó gbé iṣu wá fún wa. Dírẹ́bà ju báàgì Bọ́sẹ̀dé sórí pákó. Ọmọ náà ń gun ọkọ̀ lọ, ó yíjú padà.

"Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Ó yá, tètè sọ ọ́, dírẹ́bà ń dúró."

Ó wò mí. "Kò burú," ó ní. "Ẹ jẹ́ ó lọ."

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo gba ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gun táyà pẹ̀lú ìró mi, mo di báàgì náà mú.

Bàbá Kékeré yọ orí síta. "Kí lò ń ṣe lókè yẹn?"

"Mò ń gbé báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Kó ṣe ìdánwò rẹ̀. Bó bá kùnà, kó kùnà nílé."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n wá!"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Ẹ wo ilé yìí! Ìyá ò gbé ojú kan, ọmọ ò gbé ojú kan!" Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé iṣu tó fún wa padà sínú ọkọ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó ní nítorí yín ni, kì í ṣe nítorí tèmi. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ṣé ká máa lọ àbí ká máa bọ̀?" Wọ́n lọ.

Mo bi Bọ́sẹ̀dé ohun tó fẹ́ sọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ kí n má bàa lè tètè dìde. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó ní bí wọn kò bá pe orúkọ òun, ó máa ń dà bíi pé òun kò sí níbẹ̀, pé bí òun bá jókòó sí kíláàsì, àga nìkan ni wọ́n ń rí. Ó ní òun mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Ó ní òun fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró, kò sì dáwọ́ dúró. Ó sọ púpọ̀. Láàárín rẹ̀, Bàbá, n kò ní purọ́ fún yín, ọkàn mi lọ sídìí iṣu, bóyá kí n sè é tàbí kí n gún un. Mo fà á padà. Ó tún lọ. Mo tún fà á padà. N kò mọ̀ bóyá òun náà rí i. Mo gbọ́ ọ dé òpin, àfi àwọn ibi tí n kò sí níbẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé rédíò lọ fún ìyá arúgbó ojúlé kejì, kó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí ìdánwò á fi parí. N kò rán an. Ìyá náà ti tàn án. Ó ti ń béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n ti ń ra káàdì.

Ṣé mo ṣe dáadáa, Bàbá? Ìdánwò kò tíì rọrùn sí i nítorí pé mo gbé báàgì sọ̀kalẹ̀. Tíṣà kò tíì yí ohùn padà. Bó bá kùnà, Bàbá Kékeré á rántí mi, èmi náà á rántí ara mi. N kò sì lè sọ pé mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lánàá.

Ó wà nínú yàrá báyìí, ó ti ilẹ̀kùn sí ààbọ̀. Mò ń gbọ́ tó ń ṣí ewé ìwé. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún ṣí òmíràn. N kò tíì lọ wò ó. Bí mo bá lọ, mo lè bá a níbi tó ti ń kà á, mo sì lè rí i pé torí kí n lè gbọ́ ló fi ń ṣí i. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ báyìí tí n kò gbọ́ ewé kankan. Bóyá ibi tó le ló dé.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì ní kí ẹ dá òun lóhùn.